Ihò èédú ilẹ̀ tí wọ́n ti pa tì: kí ni ká yẹ̀ wò kí á tó fọwọ́ sí i pé àtúnṣe rẹ̀ parí?

Ará Kétu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bùrọ́ọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ gba iṣẹ́ àyẹ̀wò kan ní ìhà Enugu, lọ́dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà. Ihò èédú ilẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ inú òkè lọ wà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ gbalasa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa á tì. Agbaṣẹ́ṣe ní òun ti parí àtúnṣe: ó fi kọnkéré dí ẹnu ihò mẹ́ta, ó da ilẹ̀ kún kànga afẹ́fẹ́ kan ó sì dé e lórí, ó fi ilẹ̀ pupa bo òkìtì ìdọ̀tí èédú ó sì gbin koríko sí i, ó wá gbẹ́ adágún kan tí omi inú ihò ń gbà kọjá kó tó bọ́ sódò. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wa.

Kùsà òkúta ẹfun bíi ti Onígbólò àti kòtò ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe títì lẹ́yìn Kétu níbí ni mo mọ̀. Nínú ìyẹn, tí ilẹ̀ bá ti tẹ́, tí àgbàrá ò wọ́ ọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó jọ pé ti èédú kò rí bẹ́ẹ̀. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, kí ni ká kó dání, kí ló sì máa ń bàjẹ́ tí ojú kì í tètè rí?

Ṣábẹ̀ẹ́ Lókè

Àbúrò, omi ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, kí o tó wo koríko rárá. Nínú èédú àti nínú òkúta tó yí i ká, pyrite wà níbẹ̀, ìyẹn irin tó so mọ́ imí-ọjọ́. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, afẹ́fẹ́ ń kàn án, pọ́ǹpù sì ń fa omi jáde. Látọjọ́ tí wọ́n bá ti pa pọ́ǹpù, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú ihò, á máa fọ gbogbo iyọ̀ irin àti ásíìdì tó ti gbára jọ sára ògiri, títí tí yóò fi rí ẹnu tó rẹlẹ̀ jù tí yóò gbà jáde. Omi àkọ́jáde yẹn ló máa ń burú jù. Ìdíwọ̀n tí àwọn onímọ̀ omi kùsà ń lò ni ìlọ́po mẹ́rin: bí ihò bá gba ọdún 5 kó tó kún, omi burúkú yẹn lè gbà tó ọdún 20 kó tó rọlẹ̀. Pé ó rọlẹ̀ kò ní kó mọ́ o, á kàn dúró sí iye tó kéré ni. Nítorí náà, bi wọ́n léèrè: ọdún wo ni pọ́ǹpù dúró, ọdún wo ni omi kọ́kọ́ jáde? Agbaṣẹ́ṣe tí kò lè dáhùn ìyẹn, ojú ló fi wọn adágún rẹ̀.

Ojú márùn-ún ni kí o ti bu omi: òkè odò níbi tí omi kùsà kò tíì dé, ẹnu ihò gan-an, ibi tí omi ti ń wọ adágún, ibi tó ti ń jáde, àti ìsàlẹ̀ odò lẹ́yìn tí omi méjèèjì ti pò pọ̀ dáadáa. Ìsàlẹ̀ ni kí o ti máa bọ̀ wá sókè, kí ẹsẹ̀ rẹ má baà ru ẹrọ̀fọ̀ sí ibi tí o máa bu tẹ̀lé e. Wọn pH (òǹkà tó ń sọ bí ásíìdì inú omi ṣe pọ̀ tó: bó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ 7 ni ásíìdì ń pọ̀ sí i), ìgbóná omi àti bó ṣe ń gbé iná mànàmáná kọjá lójú ẹsẹ̀. Wọn agbára tí omi fi ń pa ásíìdì náà níbẹ̀, ìyẹn ohun tí ìwé làbó wa ń pè ní alcalinité. Tí o bá gbé e délé kí o tó wọ̀n ọ́n, iye náà á ti yí padà.

Ìgò ike méjì ni fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ti irin àti àwọn mẹ́tà yòókù, fi àsẹ́ 0.45 µm sẹ́ omi náà níbẹ̀, kí o wá kán ásíìdì nítríìkì sí i títí pH á fi wá sísàlẹ̀ 2. Ti sulfate, ìyẹn iyọ̀ tí imí-ọjọ́ ń dà nínú omi, má kán nǹkan kan sí i, rọ ọ́ kún dé ẹnu, kí o gbé e sínú yìnyín. Ẹni tó bá gbàgbé ásíìdì inú ìgò àkọ́kọ́, irin á dógùn-ún nínú ìgò lójú ọ̀nà, á rọ̀ sísàlẹ̀ bíi gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa, làbó á wọn omi tó dúró lókè, wọ́n á sì kọ iye tó kéré fún un. Inú oníṣẹ́ á dùn, odò á máa pọ́n.

Iye omi tó ń ṣàn ṣe pàtàkì bí ohun tó wà nínú rẹ̀. Tí ó bá kéré, garawa lítà 20 àti aago fóònù ti tó: bí ó bá kún ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, lítà 2 ló ń ṣàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí ó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, bèèrè fún pátákó irin tí wọ́n gé ojú rẹ̀ bíi lẹ́tà V ní ìwọ̀n 90°. Tí omi bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 lójú V náà, ó tó lítà 4.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá. Tí ó bá di sẹ̀ǹtímítà 15, ó ti di lítà 12. O rí i pé sẹ̀ǹtímítà 5 péré fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Má wọn gíga yẹn lójú V fúnra rẹ̀, omi ti ń tẹ̀ níbẹ̀; sún sẹ́yìn tó ìlọ́po mẹ́rin gíga omi náà.

Géólógù Àjàṣẹ́

Mo fara mọ́ ti ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọmọdé yìí kú síbẹ̀ kó tó bu omi. Àbúrò, o ò gbọ́dọ̀ wọ ihò kankan, bó ti wù kó mọ níwọ̀n. Gáàsì máa ń gba ara ìdérí tó là àti páìpù afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì mẹ́rin ni kí o mú: ọ́síjìn, mẹ́tánì (gáàsì inú èédú tó lè gbiná), CO (gáàsì olóró tí kò ní òórùn) àti H₂S (gáàsì olóró tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́). Afẹ́fẹ́ tó dáa, ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 20.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 19.5, kúrò níbẹ̀. Mẹ́tánì lè bú gbàmù láàárín 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni pé ojú ẹ̀rọ tó ń sun mẹ́tánì láti fi wọ̀n ọ́n nílò ọ́síjìn kó tó lè ṣiṣẹ́. Níbi tí ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ gan-an, ó lè fi òdo hàn nígbà tí mẹ́tánì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ka ọ́síjìn kí o tó ka mẹ́tánì, nígbà gbogbo. So rọ́bà gígùn mọ́ ọ̀pá kí o fi fa afẹ́fẹ́ láti òkèèrè, má gbé orí sí ojú ihò.

Àkókò náà ṣe kókó. Nígbà tí ìwúwo afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run bá ń lọ sílẹ̀, ihò á mí síta. Tí ó bá ń gòkè, á mí sínú. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó máa ń lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí agogo 10 àárọ̀ títí di agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ wò ó lágogo 8 àárọ̀ tó kọ ọ́ pé gáàsì kò sí, kò tíì wò ó. Padà lọ lágogo 3.

Wàyí o, ẹnu ihò tí wọ́n fi kọnkéré dí. Ẹ bi wọ́n: ibo ni omi ń gbà jáde? Ẹnu tí wọ́n dí gbọin-gbọin láìfi páìpù sí i, omi á máa gbára jọ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Kí ẹnu náà jẹ́ mítà 2.5 ní fífẹ̀ àti 2.5 ní gíga. Bí omi ẹ̀yìn rẹ̀ bá ga ní mítà 10, ó ń fi agbára tó tó tọ́ọ̀nù 62 ti kọnkéré yẹn. Ní mítà 20, ó ti lé ní 120. Bí kọnkéré kò bá já, ẹ̀gbẹ́ òkè tó rọ̀ á já, abúlé tó wà nísàlẹ̀ á sì gbọ́ ọ lóru. Èyí tó dáa ni kí páìpù wà nísàlẹ̀ tó tẹ̀ bí ọrùn ẹyẹ, tí omi á máa jáde ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Lọ wo ẹnu páìpù náà: ìpẹtà irin máa ń dí i díẹ̀díẹ̀. Páìpù oní-150 mm tí ojú rẹ̀ kù bí ẹnu ìgò ọtí ti di ewu, kódà bí omi ṣì ń ṣàn. Tí wọ́n bá fi gééjì sí ara ìdérí, ka iye rẹ̀; tí kò bá sí gééjì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí.

Bèèrè irú sìmẹ́ńtì tí wọ́n lò pẹ̀lú. Omi kùsà kún fún sulfate àti ásíìdì, sìmẹ́ńtì lásán tí gbogbo ayé fi ń kọ́lé máa ń wú, á máa fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Fi òòlù kan ojú kọnkéré níbi tí omi ń kàn. Ibi tó bá dún bí agbè tó ṣófo, inú ti jẹ.

Ti kànga afẹ́fẹ́, ìṣirò ni kí o fi mú wọn. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà 4 tí jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 60, ó gba nǹkan bíi 754 mítà onígun kúbù. Tí kàmíọ̀ wọn ń ru 10, ó gbọ́dọ̀ tó kàmíọ̀ 75. Bèèrè ìwé tí wọ́n fi gba ilẹ̀ náà wọlé. Bí ìwé kàmíọ̀ 30 ni wọ́n rí, a jẹ́ pé pákó àti páńtí há sí àárín ọ̀nà, ilẹ̀ dúró lé e lórí, ìsàlẹ̀ ṣófo. Lọ́jọ́ tí pákó bá jẹrà, gbogbo rẹ̀ á lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdérí orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó lórí òkúta tó le, kì í ṣe lórí ilẹ̀ tí wọ́n dà, kó sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì fífẹ̀ kànga ní ó kéré tán.

Ará Kétu

Ẹ ṣé gan-an. Ìwé àyẹ̀wò omi tí agbaṣẹ́ṣe fi sílẹ̀ rèé, ti ibi tí omi ń gbà wọ adágún: pH 6.3, irin 38 mg/L, manganese 4 mg/L, alcalinité 60 mg/L. Lítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá, oṣù Èrèlé ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Fífẹ̀ adágún náà jẹ́ 400 m². Wọ́n ní níwọ̀n bí pH ti lé ní 6, omi kò ní ásíìdì. Ṣé òótọ́ ni?

Ṣábẹ̀ẹ́ Lókè

Rárá o. Níbi yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń mú aláyẹ̀wò. Irin inú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ihò kò tíì rí afẹ́fẹ́. Tí ó bá rí i, á dógùn-ún, bó bá sì ti ń dógùn-ún ló ń bí ásíìdì. Ṣe ìṣirò rẹ̀: mílígíráàmù irin kan á jẹ tó 1.79 nínú alcalinité, ti manganese 1.82. Nítorí náà 38 × 1.79 jẹ́ 68, 4 × 1.82 jẹ́ 7. Àpapọ̀ 75. Ohun tó wà nílẹ̀ láti fi pa á jẹ́ 60. Ó ku 15 tí kò rí ẹni pa á. Omi tó jẹ́ 6.3 lẹ́nu ihò lè di 4 kó tó dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ. Bí o bá fẹ́ rí i lójú ara rẹ, bu omi sínú ike funfun, gbọ̀n ọ́n dáadáa ní ṣíṣí, fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o tún pH rẹ̀ wọ̀n.

Adágún náà ńkọ́? 38 × 2 × 86.4 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 6,600 irin lójúmọ́. Pín in sí 400, ó jẹ́ 16 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Iye tí adágún tàbí àbàtà olókoríko lè dì mú ni 10 sí 20, ìyẹn sì jẹ́ ti omi tí alcalinité rẹ̀ borí ásíìdì. Ti eléyìí kò borí rẹ̀. Èrèlé sì ni wọ́n wọ̀n ọ́n, àárín ẹ̀ẹ̀rùn! Bí omi bá di lítà 6 nígbà òjò, kódà kí irin wálẹ̀ sí 25, ó ti di nǹkan bíi gíráàmù 13,000 lójúmọ́, 32 lórí mítà kan. Adágún yẹn kò lè gbé e.

Ohun tí wọ́n ì bá ṣe ni kí wọ́n kọ́kọ́ gba omi náà lábẹ́ ilẹ̀ kọjá inú kòtò tí wọ́n kó òkúta ẹfun kún, tí wọ́n fi rọ́bà àti amọ̀ bò kí afẹ́fẹ́ má kàn án, kí omi wà nínú rẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 15. Níbẹ̀ ni alcalinité á ti gòkè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe é, ọ́síjìn inú omi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 1 mg/L, irin tó ti dógùn-ún àti alumíníọ̀mù náà bẹ́ẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kòtò náà á dí láàárín oṣù díẹ̀. Òkúta ẹfun Nkalagu kò jìnnà sí Enugu. Tí agbaṣẹ́ṣe bá fi òkúta dúdú rọ́pò rẹ̀, irú èyí tó kún òkè wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí, kán ásíìdì hydrochloric díẹ̀ sí i: òkúta ẹfun á hó lójú ẹsẹ̀, òkúta dúdú á kàn máa wò ọ́. Kò lè pa ásíìdì kankan.

Ẹrọ̀fọ̀ ńkọ́, ta ló máa kó o? Kílò 6.6 lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.4 irin lọ́dún. Tó bá dógùn-ún tán, ẹrọ̀fọ̀ tí ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ gbígbẹ á tó 90 mítà kúbù lọ́dọọdún. Adágún 400 m² tí jíjìn rẹ̀ kò ju mítà kan lọ kò ní lò tó ọdún 5. Bí ìwé wọn kò bá sọ ẹni tí yóò kó o, ibi tí yóò dà á sí, àti ẹni tí yóò san owó rẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

Abẹ̀ní Agronọ́ọ̀mù

Ẹ̀yin ọkùnrin ti gbàgbé òkìtì. Àbúrò, kí o tó gun orí rẹ̀, fi imú gbọ́ ọ láàárọ̀ kùtù. Òórùn imí-ọjọ́, èéfín tó ń rú lẹ́yìn òjò, ibi róbótó tí koríko ti kú nígbà tí ti àyíká rẹ̀ tutù: iná wà nísàlẹ̀. Èédú tó wà nínú ìdọ̀tí náà máa ń gbóná fúnra rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ráyè wọ̀ ọ́. Ní Centralia, ní Pennsylvania, iná èédú abẹ́ ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962 ṣì ń jó. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun ibẹ̀ pẹ̀lú kàmíọ̀, inú lè ti ṣófo. Má sì gbà kí wọ́n da omi sí i. Omi tó bá kan èédú tó ti pọ́n lè bú gbàmù. Híhú u jáde, títẹ́ ẹ kó tutù, kí wọ́n sì tún un kì ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 30 ni ọ̀nà rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mú ọkọ́. Ìwé iṣẹ́ á sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n fi bò ó nípọn tó báyìí, bóyá sẹ̀ǹtímítà 60. Gbẹ́ kòtò kéékèèké káàkiri, pàápàá ní èjìká òkìtì, ibẹ̀ ni kàtàpílà ti máa ń há ilẹ̀. Wo gbòǹgbò koríko: tí ó bá wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 tó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó pàdé ògiri, ilẹ̀ ti le jù, kàtàpílà ti tẹ̀ ẹ́ pa. Koríko yẹn á tutù lọ́dún àkọ́kọ́, á kú ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì. Bu ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ fún làbó kí wọ́n wọn imí-ọjọ́ inú pyrite rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí 1,000 nílò tọ́ọ̀nù 31.25 òkúta ẹfun lílọ̀ láti fi pa ásíìdì rẹ̀. Fi ìyẹn wé ìwé ọjà tí wọ́n rà. Ó máa ń pa ni lẹ́rìn-ín, tí kò bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹkún ni.

Ibi tí òkìtì jókòó sí náà ńkọ́? Lọ́dún 1966, ní Aberfan nílẹ̀ Wales, òkìtì ìdọ̀tí èédú tí wọ́n dà lé orí ìsun omi ya lulẹ̀ sórí ilé ẹ̀kọ́, ènìyàn 144 ló kú, 116 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Nítorí náà rìn yí ìdí òkìtì ká, wá ibi tó ń sun omi, kí o sì wo bóyá gọ́tà wà lókè rẹ̀ tó ń darí àgbàrá kúrò. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkìtì kò gbọ́dọ̀ ga ju mítà 1 sókè fún mítà 3 síwájú.

Nípa igi: Acacia auriculiformis ni wọ́n fẹ́ràn, torí ó máa ń hù nínú ilẹ̀ ekíkan. Kò burú, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ tó ń wọ́ sílẹ̀ kì í jẹ́ kí koríko hù lábẹ́ rẹ̀, àgbàrá á wá máa gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ òjìji. Vetiver, koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ jìn, tí wọ́n gbin lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìbú òkìtì, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 láàárín ìdí kan sí èkejì, ni mo máa kọ́kọ́ wá.

Géólógù Àjàṣẹ́

Àǹtí Abẹ̀ní, òótọ́ ni. Mo fi èyí kún un: orí ihò fúnra rẹ̀. Àwọn òpó èédú tí wọ́n fi sílẹ̀ láti gbé àjà ró máa ń jẹrà, nígbà mìíràn wọ́n ti gé wọn jẹ kí wọ́n tó jáde. Mú máàpù ihò àtijọ́ dání, ṣọ́ra torí ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọn nǹkan nígbà náà. Rìn lórí rẹ̀: ilẹ̀kùn tó ń há, ògiri tó là ní ìdábùú, igi tó fì, odò kékeré tó wọlẹ̀ tí kò jáde mọ́. Kòtò tó bá ti rì, tí wọ́n kàn da ilẹ̀ sí, á tún rì. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ dé òkúta, kí wọ́n kó òkúta ńlá sísàlẹ̀, kékeré tẹ̀lé e, yanrìn, kí amọ̀ tí wọ́n kì wá kẹ́yìn.

Ará Kétu

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ha tó bí? Ìbéèrè kékeré kan sì kù: ẹ̀rọ pH wa máa ń ya wèrè lẹ́yìn omi méjì tàbí mẹ́ta tó pọ́n.

Ṣábẹ̀ẹ́ Lókè

Ọjọ́ mẹ́ta tó láti rí ohun tó bàjẹ́, kò tó láti sọ pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé àyẹ̀wò ìgbà kan péré ni, kí o sì béèrè fún méjì sí i: ọ̀kan lójú òjò àkọ́rọ̀, torí iyọ̀ tó ti hù sára òkìtì ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn á yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tí omi bá kún.

Ti ẹ̀rọ pH, irin ló ń bo ojú rẹ̀. Fi ásíìdì hydrochloric tí wọ́n ti là (0.1 M) fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, fi omi mímọ́ ṣàn án, kí o wá tún un ṣe pẹ̀lú omi pH 7 àti pH 4. Má lo 7 àti 10, omi tí ò ń lọ wọ̀n kò sí níbẹ̀.